Ògiri Bàbá àti Ìgbátí Tó Jẹ́ Tèmi

Lọ́jọ́ fídáù Bàbá, bí wọ́n ṣe ń pín ìrẹsì, ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Bàbá yẹn mọ iṣẹ́ o, ká má purọ́. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, ọwọ́ wọn ti bàjẹ́. Ṣé o ò gbọ́ ti ọmọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí bíréèkì ò mú fún lórí òkè ni?"

Gbogbo àwọn tó wà nídìí ìrẹsì ló mi orí. Èmi náà mi orí. Ẹran wà lẹ́nu mi.

Ọwọ́ Bàbá ò bàjẹ́. Èmi tí mò ń jẹ ẹran fídáù wọn ni mo ba orúkọ wọn jẹ́, mo sì dákẹ́ títí wọ́n fi sin wọ́n. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Tí ẹ bá ń wá ìwé tó máa sọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti iye ọmọ tí wọ́n fi sáyé, ẹ lọ wo pátákó tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé sẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ fọ́tò ẹ̀ dáa.

Bàbá Sípánà ni gbogbo ará ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ń pe bàbá mi àgbà. Kì í ṣe torí pé wọ́n ń fi sípánà tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Torí pé wọ́n máa ń jù ú ni. Wọ́n kúrú, apá wọn le bí igi ọsàn, eyín wọn iwájú méjì ò sí lẹ́nu, ojú wọn sì máa ń pọ́n kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn rí mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn dúró sí iwájú tààrà. Ẹ̀gbẹ́ là ń dúró sí.

Èmi ní tèmi, yunifásítì ni mo lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọge pé mo fi yunifásítì sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yunifásítì ló fi mí sílẹ̀, èmi ni mo ń sáré tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo lọ kọ́, ọdún méjì sì ni mo fi kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé bọ̀ ni fóòmù ìbùsùn kan, fóòmù ọ̀hún ò sì jẹ́ tèmi. Lọ́jọ́ tí mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ju pọ́ǹpù lù mí láyà, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, káàbọ̀. Fẹ́ táyà yẹn."

Kẹ̀kẹ́ tí Bàbá fẹ́ràn jù nígbẹ̀yìn ayé wọn ni kẹ̀kẹ́ òkè, àwọn tòkunbọ̀ tí táyà wọn nípọn, tí sípíríìnì wà níwájú wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gun àpáta. Àwọn tó ń gùn ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbé e wá sí Ọ̀yọ́ torí Bàbá nìkan. Ẹ ò ní rí ẹlòmíì tó máa bú yín, tó máa tì yín ní àyà, tí kẹ̀kẹ́ yín á sì dà bí tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ògiri.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń lọ sílẹ̀, ó sì parí síbi ògiri alámọ̀ ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Bàbá sọ ògiri yẹn ní Adájọ́. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Adájọ́, kí oníkẹ̀kẹ́ tó gbé e. Eré lo máa sá. O ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Tí iṣẹ́ rẹ bá dáa, táyà iwájú á dúró kó tó kan ògiri. Tí kò bá dáa, ìwọ àti Adájọ́ ni.

Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló ní àpá. Ọ̀kan ò lè tẹ ọrùn ọwọ́ ẹ̀ títí dòní. Imú ọ̀kan wọ́ sápá kan bí ilé tó fẹ́ wó. Bàbá náà ò yọ ara wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni eyín wọn méjèèjì wà, nínú sìmẹ́ńtì, láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé nídìí iṣẹ́. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kì í ṣe ìwà ìkà nìyí. Wọ́n ní, "Tí mo bá máa pa èèyàn, èmi ni kí n kọ́kọ́ pa."

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní gígùn, àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ kí n ti lọ sọ ọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ òkè, mo fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di bíréèkì mú bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú. Bàbá ti di sípóòkù kan mú lọ́wọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn. Wọ́n fi na ìka mẹ́ta nínú ìka mi, pááù, pááù, pááù. "Ìka kan! Àwọn yòókù wà fún hándù! Tó o bá fi gbogbo ọwọ́ gbá bíréèkì iwájú, kẹ̀kẹ́ á dúró, ìwọ á máa lọ!" Mo rò pé àsọdùn ni. Mo fi gbogbo ọwọ́ gbá a. Kẹ̀kẹ́ dúró. Èmi ń lọ. Nígbà tí mo jí sáyé, mo gbọ́ ohùn wọn lókè orí mi, jẹ́jẹ́, bí ohùn olùkọ́: "Rọra fún un. Bí ẹní ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kó bẹ́."

Ti ìdí ló burú jù. Tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ sísàlẹ̀, ìdí gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìjókòó, kó lọ sẹ́yìn, kó sì wálẹ̀, kí orókún rọ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba lórí pẹ́dà kí ọ̀kan má baà kọ́ òkúta. Èmi, ọ̀lẹ tó ń sinmi níbi gbogbo, mo máa ń jókòó. Bàbá gbé pàṣán, wọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbàlagbà tó ti lé láàádọ́rin! Ìgbàkígbà tí ìdí mi bá kan ìjókòó, pàṣán á kan ìdí mi. Àwọn èèyàn Akẹ̀sán máa ń gbé àpótí jáde wá wò wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi mọ́ pé kí n má jókòó. Mi ò tiẹ̀ lè jókòó nílé oúnjẹ. Bàbá ní, "Ara ti gbọ́. Orí ló kù."

Ti orí náà dé. Wọ́n gbé akoto lé mi lórí, wọ́n so ó lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n wá fi igi òòlù gbá a gbàmù. "Ó dùn ẹ́?" Mo ní rárá, sà. Wọ́n tún gbá a. "Ó dùn ẹ́?" Rárá, sà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bọ́ ọ, ká tún wò ó." Mo di akoto yẹn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní eyín níwájú: "Ṣé o rí i pé yunifásítì ò kúkú bà ọ́ jẹ́ tán."

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń fi ìyà jẹ. Ọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ wá lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n bá òun yí gíà ẹ̀. Bàbá fi èékánná ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀. Èyí tí ìró ẹ̀ bá kú, ó ti tú nìyẹn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ táyà, wọ́n ní ó le jù fún ojú òkúta, kó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò kí táyà lè máa di ilẹ̀ mú. Wọ́n nu ṣéènì, wọ́n fi òróró sí i ní ẹ̀kán ẹ̀kán, wọ́n tún nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò, torí òróró tó bá pọ̀ lára ṣéènì, iyanrìn ló ń pè. Gbogbo ẹ̀ ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe rí ojú ibi tí irin ti sán lábẹ́ hándù, tí ọkùnrin náà ti kun ọ̀dà bò ó.

Bàbá dìde nílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ayùn onírin jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn sí méjì níwájú ẹni tó ni ín. Ọkùnrin yẹn fò mọ́ wọn. Bàbá fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bọ́ sórí agbádá ọkùnrin náà, wọ́n padà sídìí ayùn. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, kẹ̀kẹ́ ti di méjì. Bí wọ́n ṣe ń mú Bàbá lọ, Bàbá yíjú sí onímú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní, "Ó sàn kó o wá bá mi ní àgọ́ ọlọ́pàá ju kí n wá bá ẹ ní mọ́ṣúárì lọ."

Ìyá mi àgbà ò sí ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, látìgbà tí Bàbá ti ju pọ́ǹpù kan tó gba orí ìkòkò ọbẹ̀ kọjá. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á gùn ún padà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ìjà ni àwọn ń bá Ìyá lọ jà. Mo bá wọn dé ibẹ̀ rí. Òótọ́ ni, wọ́n jà. Ìyá ju àlùbọ́sà, Bàbá ń hán an, wọ́n ń kó o sínú àpò. Ìyá wá sọ fún mi pé, "Ṣé o rí ọkọ mi? Kò wá ra ọjà rí láyé ẹ̀, ó ní kí n máa jù ú."

Ọjọ́ Ẹtì kan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Múfú, ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà fóònù ní Takie nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé kẹ̀kẹ́ òkè ẹ̀ wá. Irú èyí tí bíréèkì ẹ̀ ní àwo irin láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, tí páàdì méjì á fún mọ́ àárín kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Bíréèkì iwájú ń ké bí ọmọ tuntun. Òjò rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, òjò ìkẹyìn ọdún yẹn, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bàbá ń múra Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n dúró lókè orí mi.

"Múfú ń bọ̀ wá gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ní ọ̀sán. Tú páàdì, fi sáńpéèpà ra ojú ẹ̀. Fi sipíríìtì nu àwo ẹ̀. Má fi òróró kàn án, má fi òrí kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí n nù ún, sà."

Fídíò ewúrẹ́ kan tó ń kan ọlọ́pàá ni mò ń wò lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ parí ni "òrí."

Ẹ wò ó, òrí ni wọ́n fi ń wo gbogbo nǹkan sàn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Awọ inú pọ́ǹpù, òrí. Ìjókòó aláwọ, òrí. Wáyà bíréèkì tó bá gan, òrí. Ohun tó bá ti ń ké, òrí ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ni ẹnjiníà ọdún méjì bá bu òrí, ó fi ra àwo irin yẹn dáadáa. Iwájú nìkan ló ń ké, àmọ́ mo ra ti ẹ̀yìn náà kó má baà jowú. Igbe dákẹ́. Mo yin ara mi.

Ó wá ku Adájọ́. Mo wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹrẹ̀ wà. Bàtà funfun wà lẹ́sẹ̀ mi, èyí tí mo fẹ́ fi lọ kí ọmọge kan. Mo ní Bàbá ò kúkú sí nílé. Múfú dé, ó ní "O ṣeun, àbúrò," ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹrin, ó padà wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì. Wọ́n ti fi pílásítà di ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Àgbọ̀n ẹ̀ wú, ìdajì ojú ẹ̀ ti bó. Láti orí àpáta lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń bọ̀ sísàlẹ̀ tó fún bíréèkì, tí kò sí ohun tó mú. Ó ju àwo irin yẹn sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló tún bíréèkì mi ṣe? Ẹ gbóòórùn ẹ̀! Òrí ni! Wọ́n fẹ́ pa mí!"

Èrò ti ń jáde láti Akẹ̀sán. Bàbá gbé àwo yẹn, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kú ewu o. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ń sá lọ ni. Èmi nìkan ni mo tẹ̀ lé wọn, èmi nìkan ni mo rí ohun tí wọ́n lọ wò.

Òjò ò tíì rọ̀ mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ẹrẹ̀ ti gbẹ, ó le bí ìkòkò. Gbogbo ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ kedere. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wà. Ẹsẹ̀ adìyẹ wà. Ipa táyà kan ṣoṣo ò sí.

Bàbá wo ilẹ̀ títí. Wọ́n wo Adájọ́. Wọ́n wo bàtà funfun mi. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n jáde síwájú èrò.

"Èmi ni mo tún un ṣe."

Múfú fi ọwọ́ òsì gbá wọn létí. Ìgbátí olóòyì ni. Fìlà Bàbá fò, ó bọ́ sínú epo. Gbogbo Akẹ̀sán sún sí ẹ̀gbẹ́. Mo mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Sípánà wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Mo rí i bí iṣan apá wọn ṣe dìde. Lẹ́yìn náà mo rí i bí wọ́n ṣe fi agbára tú ìka wọn lára sípánà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú fìlà, wọ́n gbọ̀n ọ́n.

"Ṣé ó ti tó, àbí ó kù?"

Múfú bú sẹ́kún, ó mú àwo irin ẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí èrò tú ká, Bàbá bi mí pé, "O gùn ún dé ọ̀dọ̀ Adájọ́?" Mo ní, "Mo gùn ún, sà." Wọ́n ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò nà mí mọ́. Wọn ò ju nǹkan kan lù mí mọ́. Mo máa ń dúró sí iwájú wọn tààrà, mo máa ń fi gbogbo ọwọ́ gbá bíréèkì kí wọ́n lè rí i. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ò wá mọ́. Àwọn ti Ọ̀yọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíì. Lọ́jọ́ kan tí ojú ń tì mí, mo bi wọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan pé kí ló dé tí wọn ò fi gbá Múfú padà. Wọ́n ń fi òrí ra awọ pọ́ǹpù. Wọn ò gbójú sókè.

"Eyín tèmi ti lọ tẹ́lẹ̀. Tìẹ ló ṣì pé lẹ́nu."

Ọyẹ́ dé, ikọ́ gbé wọn ṣánlẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

Ọjọ́ kejì fídáù, mo wọkọ̀ lọ sí Takie. Múfú wà nídìí ṣájà ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti san, àmọ́ kò nà tán. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo fi òrí sí i. Bàbá ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn."

Mo ti gbé etí sílẹ̀. Mo ti yan èyí tí mo fẹ́ kó gbá. Kò gbá mi. Ó kàn ń wo ọwọ́ òsì ẹ̀.

"O jẹ́ kí n gbá bàbá àgbàlagbà létí lórí ohun tí wọn ò ṣe. Wọ́n ti kú báyìí. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀?"

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ yẹn wà nílé. Mo tò ó padà, àmọ́ mi ò nù ún. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Dìde, Ọ̀yọ́ là ń lọ."

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá, àwọn èèyàn ti ń tẹ̀ lé wa. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ nídìí ìrẹsì wà nínú wọn. Múfú gbé akoto fún mi. Ó nawọ́ sí ògiri. "Gùn ún bó ṣe wà."

Mo gùn ún. Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n nà mí lé lórí. Ìka kan lórí bíréèkì. Ìdí lọ sẹ́yìn. Orókún rọ̀. Pẹ́dà dọ́gba. Mo rọra fún un bí ọsàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi òrí, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo fún ti ẹ̀yìn. Èmi náà ni mo ra ìyẹn. Adájọ́ ń tóbi sí i. Mi ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ wà lára sìmẹ́ńtì, orí mi wà ní odindi nínú akoto, ẹnu mi nìkan ló fọ́. Múfú ti kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé ọrùn mi dání. Èrò pé lé wa lórí.

"Ta ló tún irú bíréèkì yìí ṣe?" Ohùn ọkùnrin ìdí ìrẹsì yẹn ni.

Mo tutọ́. Eyín kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dìde jókòó kí gbogbo Akẹ̀sán lè rí mi, mo sì sọ ọ́ bí ẹnu tó wú ṣe lè sọ ọ́ tó:

"Èmi ni. Ti ọjọ́sí náà, èmi ni. Kì í ṣe Bàbá."